Títa Ilé Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Fìdítì, Ìlọrà àti àyíká rẹ̀, oyé ti dé, owó ọsàn ti ń wọlé, ẹni tó fẹ́ ta ilé sì ti ń wá oníbàárà kiri. Kò burú. Ọ̀nà gbẹ, owó wà lọ́wọ́ ènìyàn, àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó náà sì ń bọ̀ wá ṣọdún.

Nítorí àwọn tó ń bọ̀ wálé yìí gan-an la ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú ilé tí à ń tà láàárín ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan. Ilé bàbá ni. Bí ọmọ kan bá dá a tà lẹ́yìn olórí ẹbí, ọjà òfo ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé mọ̀ sí i, wọ́n lè pe ẹjọ́ kí ilé-ẹjọ́ da ọjà náà rú. Ẹni tó rà á ni yóò jìyà. (Ta ni yóò tún rí owó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti fi ra mọ́tò?) Nígbà tí gbogbo wọn bá pé nílé lọ́dún, ẹ pe lọ́yà, kí olórí ẹbí àti àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan tọwọ́ bọ̀wé lójú ẹlẹ́rìí. Bó bá di oṣù kẹta, owó mọ́tò lẹ óò máa ná kiri láti wá wọn.

Rìsíìtì nìkan kò tó o. Láti ọdún 1978 tí Òfin Ilẹ̀ ti jáde, ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: ìjọba ìbílẹ̀ fún ilẹ̀ tí a jogún bí àṣà, Gómìnà fún èyí tó ti ní ìwé Gómìnà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣọ́ra. Páànù tó lu kì í jò nínú oyé. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ yóò máa dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ wo àjà bóyá omi ti ya àwòrán sí i, ẹ fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ògiri, kí ẹ sì bi aládùúgbò léèrè ibi tí àgbàrá ń gbà ní oṣù kẹsàn-án. Ti kànga nìkan ni ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi bò: bí ẹ bá fa omi níbẹ̀ ní oṣù kejì, ẹ ti rí òótọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà náà, ẹ pààrọ̀ páànù méjì mẹ́ta tó ti bàjẹ́. Kò tó iye tí oníbàárà yóò yọ nínú owó ilé. Ẹ má fi ọ̀dà bo ògiri tó là. Ìpàdé kan náà lẹ jọ ń wá.

Bó bá jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ ló sì ń lé yín láti ta ilé, ẹ kọ́kọ́ rí akọ̀wé wa nípa ẹ̀yáwó. Ẹ mú ìwé ìdókòwò yín àti onídùúró méjì dání.