Ẹ Bá Àwọn Ọmọ Yín Wo Fíìmù Rocks

Ẹ̀yin òbí wa ní Nathan Way àti ní gbogbo Thamesmead àti Woolwich, fíìmù kan wà tí a fẹ́ kí tọmọtòbí jọ wò. Rocks ni orúkọ rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ló jáde sí sinimá nílẹ̀ yìí. Theresa Ikoko, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Hackney, wà lára àwọn méjì tó kọ ọ́.

Olushola Omotoso, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Rocks, jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ó ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan, ó bá lẹ́tà àti owó díẹ̀ nílé. Ìrònú ti bo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá ti lọ. Ó wá ku òun àti Emmanuel, àbúrò rẹ̀ kékeré. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn "social" yóò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kò bá sọ fún olùkọ́ kankan. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń sùn.

Ọmọ akin ni, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì dúró tì í. Bukky Bakray tó ṣe Rocks kò ṣeré rí tẹ́lẹ̀. Ní 2021 ó gba ẹ̀bùn ìràwọ̀ tuntun ti BAFTA. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹrù àgbà ni wọ́n gbé lé ọmọdé lórí.

Fíìmù náà kò sọ pé ẹ̀rù ọmọ yìí jẹ́ lásán, àwa náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìṣòro tí a bá tètè sọ kì í le tó èyí tí a fi pamọ́. Ìlànà 17 nínú Òfin Ọmọdé ti 1989 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ ran ọmọ tó wà nínú ìnira lọ́wọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ bí kò bá sí ewu. Greenwich ló ni Nathan Way. Apá kan Thamesmead wà lábẹ́ Bexley. Bí ìwé ìgbélùú yín bá ní wàhálà, ẹ kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ tún rántí: bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 yóò bá gbé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. "Àǹtí" tí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kò sí lára ìbátan tí òfin ń wí.

Ìwọ̀n 12A ni wọ́n fún fíìmù náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ inú rẹ̀ le díẹ̀. Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ bi ọmọ yín pé: "Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́, ta lo máa sọ fún?" Ẹ jẹ́ kó dárúkọ àgbà méjì. Kí ó sì mọ nọ́ńbà Childline sórí, 0800 1111. Ọ̀fẹ́ ni.