Ẹran Màlúù Tí Ń Jẹko: Oore Rẹ̀ fún Ara, àti Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Jẹ Ẹ́

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Nítorí náà ni àwa òṣìṣẹ́ ìlera ṣe tẹ ìwé kékeré yìí jáde fún gbogbo Ìgbómìnà tí ń bẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ẹni tí ń ra ẹran ní ọjà, ẹni tí ń sè é ní ilé ìdáná, àti ẹni tí ń fi í jẹ iyán ní ìrọ̀lẹ́, lè mọ oore tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ẹran màlúù tí ń jẹko, kí wọ́n sì mọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè fi bà á jẹ́.

Irú màlúù tí ó wà lọ́dọ̀ wa

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àgbàdo ni a fi ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ màlúù nínú ọgbà ní oṣù díẹ̀ kí a tó pa wọ́n, kí wọ́n lè tètè sanra. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹran èyí tí koríko nìkan ni ó jẹ dàgbà, owó gọbọi ni yóò san lé e. Ní tiwa, màlúù funfun oníwo gígùn, abuké lẹ́yìn, tí àwọn darandaran ń dà jáde láti gáà ní òwúrọ̀, eèsún àti koríko etí odò ni oúnjẹ rẹ̀ nígbà òjò. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, tí gbogbo ìgbẹ́ gbẹ, pòròpòrò àgbàdo tí a ti kórè ni ó ń ṣà jẹ, bí olówó rẹ̀ kò bá fi èèrí ọkà tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ kún un fún un. Ohun tí àwọn kan ń fi owó ńlá wá kiri, òun nìyẹn tí ń kọjá lẹ́bàá oko wa.

Oore tí ó ń ṣe fún ara

Bí a bá wọn 100 gíráàmù ẹran màlúù tí ó ti jinná, tí a ti gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ obìnrin lọ, a ó bá nǹkan bí 25 gíráàmù púrótéènì nínú rẹ̀, èyí tí ń mọ iṣan, tí ń tún ara tí ó bàjẹ́ ṣe. A ó bá síńkì tí ń ran egbò lọ́wọ́ láti san. A ó sì bá fítámì B12 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí àgbàlagbà nílò fún odidi ọjọ́ kan, fítámì tí a kò lè rí nínú iṣu, nínú ẹ̀fọ́, tàbí nínú àgbàdo. Èròjà irin inú rẹ̀ ni ó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù, nítorí ara a máa gbà á wọlé ju irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ, ìyẹn sì ni aboyún, ọlọ́mọge tí ń ṣe nǹkan oṣù, àti ọmọ tí ó ti pé oṣù 6 nílò kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà dín.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ lọ ẹran kúnná sínú oúnjẹ ọmọ. Ẹ má ṣe fi omi ọbẹ̀ nìkan tàn án, nítorí inú ẹran gan-an ni oore wà. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé ẹran a máa sọ ọmọdé di olè, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀; àìtó ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ ọmọ di aláìlera.

Ohun tí koríko fi kún un nìyí: ọ̀rá kì í pọ̀ lára màlúù tí ń rìn jẹko, ọ̀rá dáadáa tí a ń pè ní omega-3 sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti èyí tí a fi àgbàdo bọ́. Koríko tútù tún ń fún un ní fítámì E, àti èròjà kan náà tí ó mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, èyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rá rẹ̀ a máa ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ nígbà òjò. Síbẹ̀, omega-3 inú ẹran kò tó ti ẹja; ẹni tí ń wá a ní pàtàkì, kí ó jẹ ṣáwá tàbí Titus.

Ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra

Koríko ti ṣe tirẹ̀; ó ku tàwa ènìyàn. Màlúù lè jẹ koríko tí ó dára jù láyé, kí ikọ́ ife sì wà nínú fùkù rẹ̀, tàbí kí ọmọ aràn pẹlẹbẹ, tí ó dà bí hóró ìrẹsì, lúgọ sínú ahọ́n àti ọkàn rẹ̀. Nítorí èyí ni wòlé-wòlé àti dókítà ẹranko fi ń la fùkù, ẹ̀dọ̀ àti kókó ọrùn wò ní odò ẹran kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí a sun apá kan, wọn kò kórìíra alápatà, ẹ̀mí ará ọjà ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ní oṣù keje ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àrùn anthrax ti jẹyọ lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹran tí àrùn yìí bá mú a máa kú lójijì, ẹ̀jẹ̀ a sì máa jáde ní imú àti ẹnu rẹ̀ láìdì. A kò sì lè fi ọkàn tán sísè láti pa àrùn náà. Màlúù tí a gún ní abẹ́rẹ́ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dé odò ẹran títí oògùn yóò fi kúrò lára rẹ̀. Irú oògùn oxytetracycline tí ń pẹ́ lára lè gba 28 ọjọ́.

Bí a ṣe ń rà á, tí a ń sè é, tí a ń jẹ ẹ́

1. Ẹ ra ẹran tí ó ní òǹtẹ̀. Màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ẹran orí àtẹ, alápatà ni kí ó fi àwọ̀n bò ó.

2. Ẹ sè é títí pupa yóò fi tán nínú rẹ̀. Ẹ gé ibi tí ó bá jóná lára sùúyà dànù, ẹ má sì ra pọ̀nmọ́ tí a fi táyà sun.

3. Ẹ fi ọsàn tẹ̀lé e, kí irin inú oúnjẹ lè wọ ara. Ẹ jẹ́ kí tíì dúró di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

4. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní ọdún 2015 ni ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹran pupa wà lára ohun tí ń fa àrùn náà; ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí ẹran tí ó ti jinná má ju 350 sí 500 gíráàmù lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ti màlúù tí ń jẹko kò yàtọ̀ nínú èyí.

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ẹran, kí ó fi ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja kéékèèké ró ara rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ̀dínwó òkú ẹran fà á. Ẹ̀yin bàbálọ́jà, ìyálọ́jà, alápatà àti ẹ̀yin Sẹ̀ríkí gáà, bí màlúù bá kú lójijì, ẹ má ṣe là á, ẹ má ṣe pín in, ẹ má ṣe bó awọ rẹ̀: ẹ ké sí dókítà ẹranko ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́jọ́ náà gan-an.