Obìnrin Tó Yẹ Òṣùwọ̀n Wò



Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà mọ iṣẹ́ tí kọ́ńgò ń ṣe. Bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú, gàrí á kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní pé. Ìyá tó gbọ́n á yẹ kọ́ńgò wò kó tó sanwó. Ìdánwò ilé-ìwé náà, òṣùwọ̀n ni. Ta ló ń yẹ òun náà wò? Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ psychometrics nìyẹn.

Ohun méjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èkíní: bí a bá tún ẹni kan náà wọ̀n, ṣé máàkì rẹ̀ yóò sún mọ́ ti àkọ́kọ́? Èkejì: ṣé ohun tí wọ́n ní àwọn ń wọ̀n gan-an ni wọ́n ń wọ̀n? Bí èdè ìbéèrè ìṣirò bá ta kókó, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lè kùnà, kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Èdè ni kò yé e.

Àwọn obìnrin wà lára àwọn tó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Ní 1926, Florence Goodenough gbé ìdánwò kan jáde tí ọmọdé á kàn ya àwòrán ènìyàn, tí wọ́n á sì fi wọn òye rẹ̀.

Ti Anne Anastasi ló wù wá jù láti sọ. New York ni wọ́n bí i sí ní 1908. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá-àgbà rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìwé nínú ilé. Ọmọ ọdún 15 ló wọ Barnard College. Ìṣirò ló fẹ́ràn, kó tó rí i pé a lè fi ìṣirò wádìí òye ènìyàn. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní 1930, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Fordham ní 1947. Ìwé rẹ̀, Psychological Testing, jáde ní 1954. Nígbà tí ẹ̀dà keje fi jáde ní 1997, obìnrin mìíràn, Susana Urbina, ti bá a kọ ọ́. Ní 1972 ó di ààrẹ American Psychological Association. Láti 1921, obìnrin kankan ò tíì jókòó sórí àga yẹn.

Ohun tó ń tẹnu mọ́ nìyí: ibi tí ènìyàn dé lọ́jọ́ ìdánwò ni máàkì ń sọ. Kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì sọ pé ibẹ̀ ló máa dúró sí. Kò sì sí ìdánwò tí àṣà àwọn tó ṣe é kò sí nínú rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ láàrin wa rí. Ìdánwò kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá ọmọ wa kan padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò bá wọn jà. Ó ní kí wọ́n tún un wọ̀n nígbà tí èdè bá yé e. Wọ́n tún un wọ̀n, ó sì padà sáàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ múra sí ìdánwò yín dáadáa. Bí máàkì bá kéré, ẹ má sunkún. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n wọ̀n. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ìṣirò, iṣẹ́ yìí ń dúró dè yín. Máàkì kì í ṣe àyànmọ́.