Ilà Ojú àti Ojú Tí Ayé Fi Ń Wò Ó

Kò sí ibi tí ènìyàn ń tètè kà lára ẹlòmíràn bí ojú. Ìwádìí tí Janine Willis àti Alexander Todorov ṣe ní yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé bí a bá fi àwòrán ojú àjèjì han ènìyàn fún ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, onítọ̀hún á ti pinnu bóyá ẹni tó rí ṣeé fọkàn tán, bóyá ó mọṣẹ́, bóyá oníjàgídíjàgan ni, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un láyè kí ó wò ó pẹ́ sí i, ìpinnu náà kì í fẹ́ yí padà, àfi kí ó túbọ̀ dá a lójú. Èyí ni ìdájọ́ ìrísí, ìyẹn kí á fi ohun tí ojú rí lára ènìyàn ṣe ẹ̀rí ìwà, ọgbọ́n tàbí ipò rẹ̀. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n fi abẹ kọ ọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ ohun tí ó yẹ kí òun rò.

Ilà ojú ni àpá tí olóólà fi abẹ là sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, nígbà mìíràn sí iwájú orí tàbí imú, tí ó sì jinná di àmì tí kò ní parẹ́ títí ọjọ́ ikú. Ó yàtọ̀ sí gbẹ́rẹ́, tí í ṣe ojú abẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sín láti fi oògùn sí ara, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ṣe oge. Èdè gan-an fi hàn bí ọwọ́ ṣe yàtọ̀ sí ọwọ́ nínú iṣẹ́ náà, nítorí wọn kì í sọ gbogbo rẹ̀ lọ́nà kan: wọ́n ń ṣá kẹ́kẹ́, wọ́n ń bu àbàjà, wọ́n ń wa gọ̀mbọ́. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí ó jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó to àwọn ilà wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Pélé jẹ́ ìlà kúkúrú mẹ́ta tó dúró lóòró lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbàjà jẹ́ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dùbúlẹ̀, tó lè jẹ́ ọ̀wọ́ kan tàbí ọ̀wọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá ní tiwọn tí ń jẹ́ àbàjà òró, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ pé ìdúró ló wà. Gọ̀mbọ́, tí Johnson kà sí ọ̀kan náà pẹ̀lú kẹ́kẹ́, gbòòrò ju gbogbo wọn lọ, nítorí láti ìdí etí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ìlà tó dúró yóò sì pàdé èyí tó dùbúlẹ̀ ní igun, tí àwọn mìíràn á tún fi ìbàmú kún un, ìyẹn ìlà kan ṣoṣo tó dagun gba orí imú.

Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ olóólà, Ògún tó ni irin ni wọ́n ń bọ, àwọn náà ló sì ń kọ ilà abẹ́ fún ọmọkùnrin. Bí wọ́n bá gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, tí ẹlòmíràn sì di orí rẹ̀ mú gírígírí, olóólà á fi ìka na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó le, kí abẹ má baà yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, nítorí ìlà tó bá yẹ̀ kò ní àtúnṣe. Omi ìgbín ni wọ́n ń kán sí ojú abẹ láti pa oró rẹ̀, èédú lílọ̀ ni wọ́n sì ń fi pa ojú egbò kí àpá lè dúdú dáadáa. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọjọ́ tí a kọlà ló ń dunni, bí ó bá jinná tán, ó di oge. Oge ni lóòótọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ilà ló ń sọ ìlú tàbí ìdílé; ọ̀pọ̀ obìnrin kọ pélé nítorí pé ó bá ojú wọn mu, bí ẹni tó yan aṣọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́ ni pé ìgbà kan wà tí ó jẹ́ ojú tí kò kọlà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀bọ̀rọ́ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ju pé ojú náà ń dán, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tó ti kọlà, èébú ni, nítorí ó ń dọ́gbọ́n sọ pé bóyá ọlọ́bọ̀rọ́ kò ní ìdílé tó dúró lé, bóyá òbí rẹ̀ kò rí owó olóólà san, tàbí bóyá ojo ni wọ́n. Ẹni tí kò lè fara da abẹ, tó sá kí olóólà tó parí iṣẹ́, ni tirẹ̀ tilẹ̀ burú jù, nítorí ilà ààbọ̀ ló máa gbé kiri, ó kúrò nínú ọ̀bọ̀rọ́, kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọlà. Bí ènìyàn bá fetí sí òwe tó sọ pé ojú bọ̀rọ́ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, yóò rí i pé ojú tó ń dán ni òwe náà mú ṣe àpèjúwe ọ̀nà ẹ̀rọ̀ tí kò lè mú nǹkan jáde. Nítorí náà, àwọn tó ń fẹnu sọ pé àwọn baba ńlá kì í fi ìrísí dájọ́ ń pọ́n ìgbà náà ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n dájọ́ dáadáa. Ojú tí wọ́n ń dá lẹ́bi ni kò jọ ti òde òní.

Ọ̀rúndún 19 ni ìdájọ́ yìí ti wúwo jù. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ kan, ilà ojú ni ọ̀pọ̀ fi mọ ará ilé yàtọ̀ sí ọ̀tá, bí ènìyàn bá sì bọ́ sọ́wọ́ ológun ìlú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú rẹ̀ gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n kọ kí ọmọ lè mọ ọ̀nà ilé ni àwọn tó ń ta ènìyàn sọ di ìwé ẹ̀rí tiwọn. Nínú ìwé ìròyìn Brazil ìgbà náà, bí ẹrú bá sá, ọ̀gá rẹ̀ á kéde orúkọ rẹ̀, gíga rẹ̀ àti ìran rẹ̀, tí í ṣe Nagô fún àwọn Yorùbá, á sì fi ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún un, kí ẹni tó bá rí i lè dá a padà. Ní òdìkejì, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn tí wọ́n kó lójú òkun sílẹ̀, àwọn akọ̀wé ní Freetown àti ní Havana, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Lucumí, kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti àpá ojú wọn sínú ìwé ńlá. Akọ̀wé náà kò mọ àbàjà yàtọ̀ sí gọ̀mbọ́. Àpá lásán ni ó rí, ó sì kọ ọ́ bí ó ti rí i, ṣùgbọ́n lónìí àwọn onímọ̀ ìtàn ń fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá orírun àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ìlú wọn nígbà ayé wọn.

Àyípadà kò dé ní ọjọ́ kan. Johnson ti ṣàkíyèsí nígbà tirẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá ti ń fi àbàjà òró sílẹ̀, tí wọ́n ń gba pélé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dípò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere, iṣẹ́ ìjọba àti ìgbé ayé Èkó, níbi tí oríṣiríṣi ìran ti dàpọ̀ tí kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí òun gbé mọ́, mú kí ìdí tí a fi ń kọlà rọ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, ilà kò dí ẹni tó ní in lọ́wọ́. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbé ilà tó gba gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ilé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò, ó gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì gbé e dé ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó wà títí wọ́n fi pa á ní oṣù kìíní 1966. Ẹni tó bá wo fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì lónìí lè máa rò pé ohun méjì tí kò bára mu ni òun ń wò. Àwọn tó dìbò fún un kò rí i bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá yí padà? Ojú náà kọ́, nítorí àbàjà 1950 àti àbàjà òní kò yàtọ̀ síra. Àwọn tó ń wò ó ló yàtọ̀. Ilà jẹ́ ìwé tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ti ń tán lọ nígbà tí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ṣì wà láàyè, ìwé tí ènìyàn kò bá sì mọ̀ ọ́n kà, ohun tó bá wù ú ni yóò sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Níbi tí àgbà kan ti ń ka Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ẹ̀gbá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ka ará oko, púrúǹtù, ẹni tí ológbò họ lójú, ẹni tó bá ẹkùn jà. Nínú ọkọ̀ èrò ní Èkó, kọ̀ńdọ́ lè ké sí arúgbó kan pé, "Bàbá onígọ̀mbọ́, ẹ sún síwájú díẹ̀," kí gbogbo ọkọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Ó fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ilà ni ó bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́, nítorí ọmọ ọwọ́ ni. Èyí gan-an ni ó mú ẹ̀tanú ilà jọ ẹ̀tanú àwọ̀ ara àti ti gíga, níbi tí wọ́n ti ń bi ènìyàn léèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Sinimá Yorùbá ti kópa nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí àwọn tó ń ṣe é ṣe lè gbà lọ. Bí eré bá jẹ́ ti ayé àtijọ́, wọ́n á fi pẹ́ńsù ìpéǹpéjú fa ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré, òógùn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ̀ ọ́ dànù kí wọ́n tó ya eré tán. Bí ó bá jẹ́ ti òde òní, ẹni tó ní ilà gidi lójú ni yóò ṣe babaláwo, ìyá àgbà láti abúlé tàbí ọdẹ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fi í ṣe dókítà tàbí ọ̀gá báńkì, bí ẹni pé kò sí dókítà tó kọlà rí. Òṣèré tó fi pẹ́ńsù fa tirẹ̀ á fi omi nù ún kúrò ní ìrọ̀lẹ́, á sì lọ sílé.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní Nàìjíríà sọ ní abala 24 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ilà tàbí fín àmì sí ara ọmọdé, ó sì fi owó ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì, ṣe ìjìyà rẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé ènìyàn, nítorí abẹ kan náà tó lọ láti ojú dé ojú lè gbé àrùn kiri, àwọn ara kan sì wà tí àpá wọn kì í jinná pẹlẹbẹ, ṣe ni ó máa ń wú sókè bí okùn. Ṣùgbọ́n abẹ ni òfin náà bá wí, kò bá ẹnu wí. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, tó dẹ́kun ìyàsọ́tọ̀ láàárín ará ìlú, dárúkọ ẹ̀yà, ìlú tí ènìyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú àti irú ọ̀nà tí a gbà bíni. Kò dárúkọ ìrísí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wo obìnrin tó kọ pélé, tí wọ́n sì sọ pé àwọn ń wá "ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́" láti jókòó níwájú, yóò ṣòro fún un láti mọ abala òfin tí yóò dì mú.

Àwọn kan ń lọ bá oníṣẹ́ abẹ kí ó bá wọn pa ilà náà rẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ kò lè pa iṣẹ́ abẹ rẹ́ tán, àpá tuntun ló máa ń fi rọ́pò ti àtijọ́. Àwọn tó pọ̀ ju èyí lọ ni kò béèrè rárá kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é fún wọn. Lóde ìnáwó, bí oníyàwòrán bá ya arúgbó tán, ó máa ń fi kọ̀ǹpútà dán ojú rẹ̀ kí ó tó tẹ fọ́tò náà jáde, ẹ̀rọ náà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìhunjọ, ìrorẹ́ àti pélé, ohun tí kò bá dán ni yóò pa rẹ́. Wọ́n á gbé fọ́tò ńlá náà kọ́ sí yàrá àlejò, màmá àgbà á jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì mọ̀wé á sì máa na ìka sí ọ̀bọ̀rọ́ tó wà lára ògiri, á máa béèrè pé ta nìyẹn.