Ọdún Inú Òtútù: Ibi Tó Yẹ Ká Kó Ẹbí Lọ, àti Ohun Tó Yẹ Ká Ṣírò

Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹta, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ kò ju ibi iṣẹ́, ilé ìjọsìn àti abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn ọmọ á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, owó iná á sì máa gorí ara wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé fún èèyàn márùn-ún lóṣù Kejìlá kì í ṣe ohun tí gbogbo ẹbí lè rà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn ìlú kan wà tí wọ́n sọ òtútù tí à ń bú yìí di ọjà. Ẹ jẹ́ ká wo díẹ̀ nínú wọn, ká sì wo ohun tó yẹ kí olórí ẹbí rò kó tó tọwọ́ bọ àpò.

Québec: àwọn oníṣòwò ló jí ọdún náà dìde

Ní 1894 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọdún òtútù ńlá ní ìlú Québec, ní Kánádà, ṣùgbọ́n ogun àti ọ̀wọ́n owó kò jẹ́ kó dúró déédéé. Ní 1954, àwọn oníṣòwò ìlú náà fi orí korí, wọ́n ní àwọn á jí ọdún náà dìde kí ọrọ̀ ajé lè gbérí nígbà òtútù. Láti 1955 ni ọdún náà ti fìdí múlẹ̀.

Bonhomme, ọkùnrin òjò dídì tó dé fìlà pupa, tó gba ọ̀já aláràbarà mọ́ ìbàdí, ni ọba ọdún náà. Wọ́n á fi yìnyín kọ́ ààfin fún un, wọn á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọjá láàárín ìlú lálẹ́, àwọn awakọ̀ á sì máa fi ọkọ̀ ojú omi díje kọjá odò Saint Lawrence láàárín yìnyín tó ń léfòó. Ìparí oṣù Kìíní sí àárín oṣù Kejì ni àsìkò rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n òwò wọn: àmì kékeré tó ní àwòrán Bonhomme ni wọ́n ń tà fún àlejò láti fi wọ ibi eré. Àmì kan náà ni tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ni ìpolówó.

Ottawa: ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wo Ottawa. Láti 1979 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún Winterlude níbẹ̀ lóṣù Kejì, ẹ kò sì ní sanwó kí ẹ tó wo ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀. Omi Rideau tó la ìlú kọjá máa ń dì gbagidi, ojú yìnyín náà á sì di títì tó gùn tó kìlómítà 7.8, tí tọmọdé tàgbà ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ń ta ìyẹ̀fun díndín pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní BeaverTails, tí wọ́n fi ṣúgà wọ́n. Ọmọ ìyá púùfù-púùfù wa ni.

Àmọ́ ẹ kíyè sí i: ní àsìkò òtútù 2022 sí 2023, yìnyín náà kò nípọn tó, wọn kò sì ṣí i rárá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ohun tó lé ní 50 ọdún. Nítorí náà, hòtẹ́ẹ̀lì tó lè dá owó yín padà ni kí ẹ gbà.

Saint Paul: èébú tó di owó

Ní 1885, akọ̀ròyìn kan láti New York kọ̀wé pé ìlú Saint Paul ní Minnesota kò yàtọ̀ sí Siberia, pé kò yẹ kí ọmọ ènìyàn gbé ibẹ̀ lásìkò òtútù. Àwọn ará ìlú kò jà. Ní 1886, wọ́n fi yìnyín kọ́ ààfin, wọ́n dá ọdún sílẹ̀, wọ́n sì pe ayé wá wò ó. Títí dòní, ìparí oṣù Kìíní ni wọ́n ń ṣe é. Láti 1952 ni ìwé ìròyìn ìlú náà ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ kan pamọ́ sí pápá ìṣeré kan, tí wọ́n á máa pa àlọ́ ibi tó wà lójoojúmọ́, tí ogunlọ́gọ̀ á sì máa gbẹ́ òjò dídì kiri láti rí i. Ẹni tó bá rí i, owó ni.

Fún ẹni tí agbára rẹ̀ gbé e

Ní Sapporo, ní Japan, àwọn ọmọ ilé ìwé ló fi òjò dídì mọ ère mẹ́fà péré sí pápá Odori ní 1950. Lónìí, àlejò tó ń lọ wò ó lóṣù Kejì tó mílíọ̀nù méjì. Ní Harbin, ní China, yìnyín tí wọ́n gé lójú odò Songhua ni wọ́n fi ń kọ́ odindi ìlú tó ń tàn lóru. Oṣù Kìíní ni ọdún náà máa ń gbóná jù, bẹ́ẹ̀ òtútù lè mú dé ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo.

Ṣùgbọ́n èyí tó wu àwa oníṣòwò jù ni Jokkmokk, ní apá àríwá Sweden. Láti 1605 ni ọjà rẹ̀ ti ń ná. Ọba Sweden ló dá a sílẹ̀ kó lè máa rí owó orí gbà. Àwọn ará Sámi ṣì ń kó awọ, ọ̀bẹ àti iṣẹ́ ọnà wọn wá síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì lọ́dọọdún.

Ìwé ṣáájú ẹrù

Ibi tó le jù nìyí o. Owó tó sọnù, a lè tún un pa. Ìwé tó bàjẹ́ ṣòroó tún ṣe. Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà, tó ti kọ̀wé fún green card tí kò tíì rí i gbà, kò gbọdọ̀ sọdá lọ sí Kánádà láì kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní advance parole. Fún ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìjáde lásán ti tó láti fagi lé ohun tó ti ń dúró dè látọdún. Ẹ bi lọ́yà yín. Ẹ má bi ọ̀rẹ́.

Ẹni tí green card rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ kò nílò físà Kánádà, ṣùgbọ́n kó mú káàdì náà dání pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹni tó jẹ́ olùgbé Kánádà, tó ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, nílò físà kó tó lè dé Saint Paul. Bí bàbá tàbí ìyá nìkan bá ń kó ọmọ kọjá bọ́dà, kó gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ìṣirò tí kì í jẹ́ ká kábàámọ̀

Nǹkan márùn-ún ni kí ẹ kọ sílẹ̀: ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, owó ìwọlé àti aṣọ. Ọjọ́ iṣẹ́ sábà máa ń rọjú ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ìlú sì rọjú ju ti àárín ìlú. Ẹbí mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀ háyà ọkọ̀ kan. Ẹ gbé ìrẹsì yín dání, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹran kọjá bọ́dà láìbéèrè. Aṣọ òwú máa ń fa omi mọ́ra. Ti irun àgùntàn ni kí ó kan ara, kí ẹ wọ òmíràn lé e. Bátìrì fóònù máa ń tètè kú nínú òtútù, nítorí náà àpò inú ni kí ẹ fi sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi káàdì gbèsè ra ayọ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ó fi oṣù mẹ́wàá san.

Ère mẹ́fà ni Sapporo fi bẹ̀rẹ̀, èébú ni Saint Paul fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tún pàdé láti ṣètò Ọjọ́ Ìlú wa, ẹ jẹ́ ká rántí pé a kò dúró de ìgbà tí owó bá pọ̀ kí a tó dá ohun tó dára sílẹ̀. Ní báyìí ná, ẹ wo èyí tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ dáwó díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án. Àlọ re, àbọ̀ re o.