« Pronostic » kì í ṣe ìdájọ́ ikú

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan mú ìwé ilé ìwòsàn wá sí kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkọ rẹ̀, ó sì ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ Faransé méjì wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà: « pronostic réservé ».

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó máa ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, sọ pé òun mọ « pronostic » dáadáa: ohun tí àwọn máa ń kọ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ẹbí ní tiwọn gbà pé dókítà ti sọ pé ọkùnrin náà kò ní yè. Wọ́n fẹ́ gbé e padà sílé. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí dókítà kọ ní tòótọ́.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí?

Láti inú èdè Gíríìkì àtijọ́ ni ó ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni « mímọ̀ ṣáájú ».

Iṣẹ́ mẹ́ta ni dókítà ń ṣe. Èkíní, ó ń wá orúkọ àìsàn: « diagnostic » nìyẹn. Èkejì, ó ń wòye bóyá àìsàn náà yóò lọ, bóyá yóò pẹ́ lára, tàbí bóyá yóò fa ikú: « pronostic » nìyẹn. Ẹ̀kẹta, ó ń tọ́jú aláìsàn: « traitement » nìyẹn.

Ní Yorùbá, a lè pe èkejì ní ìwòye àbájáde àìsàn. A kò pè é ní àsọtẹ́lẹ̀, nítorí pé dókítà kì í ṣe wòlíì, kò sì dá Ifá. Ohun tí ó rí lára aláìsàn, àti ohun tí a ti rí lára ọ̀pọ̀ aláìsàn mìíràn, ni ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé.

Àgbẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí àgbàdo tí koríko ti bò, yóò ní: « Oko yìí kò ní so dáadáa. » Ṣùgbọ́n bí olóko bá tètè ro ó, ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Ohun tí ẹ lè gbọ́

« Bon pronostic »: ìrètí ìwòsàn pọ̀.

« Pronostic réservé »: dókítà kò tíì lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ó ń ṣọ́ aláìsàn.

« Pronostic vital engagé »: ẹ̀mí aláìsàn wà nínú ewu gidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ṣì wà. Àkókò yìí gan-an ni kò yẹ kí a gbé e kúrò níbi ìtọ́jú.

Ìwòye lè yí padà

Bí a bá tètè tọ́jú ọmọdé tí ibà mú, ìrètí pọ̀. Bí a bá dúró títí gìrì fi mú un, tí kò sì lè mu omi mọ́, ewu ti wọlé dé.

Ẹ wo àrùn sídà pẹ̀lú. Ṣáájú ọdún 1996, ìrètí kò pọ̀ fún ẹni tí ó bá ní i. Láti ìgbà tí a ti ń lo oògùn mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́ lè pẹ́ láyé.

Ẹ béèrè

Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe tijú. Ẹ bi dókítà pé: Kí ni orúkọ àìsàn náà? Kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Kí ni àwa lè ṣe kí ó lè sàn?

Ìyá wa padà lọ béèrè. Ọkọ rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i ní ilé ìwòsàn. Lónìí, ọ̀pá ni ó fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń rìn.