Ilé Ìdáná: Èéfín Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lé

Ní Kòmú àti káàkiri Òkè-Ògùn, igi àti èédú ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì fi ń dáná. Bàálé tó fẹ́ fi owó kékeré tún ilé ìdáná ṣe, kó má tíì ra táìlì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020. Ìyá tó ń dáná àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fà á símú jù.

Ẹ lu fèrèsé sí ògiri méjì tó kọjú síra, kí ẹ sì dá àyè sí abẹ́ páànù. Ẹ fi amọ̀ mọ ààrò tó ga, tí ìkòkò jókòó sí dáadáa: kì í jẹ igi púpọ̀, ọmọ tó ń rá kò sì ní tètè kan iná. Igi gbígbẹ ni kí ẹ máa dá. Owó tó bá kù, ẹ fi rẹ́ ilẹ̀.

Ẹ má gbé gáàsì sí yàrá tí iná igi wà. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ló ń kó jọ sí.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Allāhu máa bá a, pàṣẹ kí á pa iná kí á tó sùn. Súrátul-Isrá, ẹsẹ 26 àti 27, sì kọ ìnákúnàá. Ẹ ṣe fèrèsé lọ́dún yìí. Táìlì lè dúró, in shāʾ Allāhu.